Fífi Wíìlì Aláìsinmi sí Kẹ̀kẹ́ Àtijọ́

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní ilẹ̀ Yorùbá, bí a bá wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tàbí inú yàrá ẹrù, a lè bá kẹ̀kẹ́ ológeere kan níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gùn mọ́. Ó lè jẹ́ ti bàbá àgbà tí ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́ láyé àtijọ́, tàbí ti ìbátan kan tí ó máa ń fi í lọ sí oko kòkó. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, kí ọ̀kadà tó gba títì, ẹni tí ó bá ní irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Lónìí táyà rẹ̀ ti gbó, ṣéènì rẹ̀ ti dípẹtà, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ ṣì le koko, nítorí irin gidi ni a fi ṣe é. Irú egungun bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ kan ní ìlú ńlá bíi London àti New York ń wá kiri, kí wọ́n lè sọ ọ́ di kẹ̀kẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹni sinmi. Bí a ti ń ṣe é ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nítorí iṣẹ́ tí ó dùn ún ṣe ni, ó sì ní ewu fún ẹni tí kò bá fara balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní wíìlì aláìsinmi. Nínú kẹ̀kẹ́ tí gbogbo wa mọ̀, bí a bá ń sọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, a lè dá ẹsẹ̀ dúró lórí pẹ́dà kí kẹ̀kẹ́ máa sáré lọ fúnra rẹ̀. A óò máa gbọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dún tí-tí-tí-tí. Ohun tí ń dún bẹ́ẹ̀ ni fíríwíìlì. Àwọn ìka irin kéékèèké wà nínú rẹ̀ tí ń gbá eyín inú rẹ̀ mú nígbà tí a bá ń wa pẹ́dà síwájú, tí wọ́n sì ń yọ̀ kọjá lórí eyín náà nígbà tí a bá dá ẹsẹ̀ dúró. Wíìlì aláìsinmi kò ní ìka irin kankan. Irin eléyín tí ṣéènì ń gbà kọjá lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù ṣinṣin. Bí wíìlì bá yí, ṣéènì yóò yí. Bí ṣéènì bá yí, pẹ́dà yóò yí. Bí pẹ́dà bá sì yí, ẹsẹ̀ ẹni tí ó gùn ún kò gbọdọ̀ ṣàìyí. Ẹni tí ó bá fẹ́ dín eré kù lè fi ẹsẹ̀ tako pẹ́dà díẹ̀díẹ̀, wíìlì yóò sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Ẹ má ṣe rò pé ohun titun ni èyí. Nígbà tí John Kemp Starley ṣe kẹ̀kẹ́ Rover ní ìlú Coventry ní ọdún 1885, èyí tí a lè pè ní bàbá kẹ̀kẹ́ tí à ń gùn lónìí, wíìlì aláìsinmi ni ó ní. Ìgbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń lọ sópin ni fíríwíìlì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́pọ̀. Síbẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò jọ̀wọ́ ti àtijọ́ pátápátá. Ní àkókò òtútù, ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa fi wíìlì aláìsinmi sí kẹ̀kẹ́ wọn, kí ẹsẹ̀ wọn má baà gbàgbé iṣẹ́. Títí di òní, òun náà ni àwọn tí ń sá eré ìje kẹ̀kẹ́ ní pápá róbótó ń lò. Irú pápá bẹ́ẹ̀ wà ní Abuja, níbi tí a kọ́ ọ sí fún Ìdíje Gbogbo Áfíríkà ti ọdún 2003.

Ohun àkọ́kọ́ tí a óò yẹ̀ wò ni egungun kẹ̀kẹ́, èyí tí àwọn tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ń pè ní férémù. Ẹ nù ún mọ́ tónítóní, kí ẹ sì fi ojú wá a yíká, pàápàá ní àwọn oríkèé tí páìpù méjì ti pàdé, bóyá ó ti sán. Ìpẹtà tí ó wà lójú irin kò burú, a lè ha á kúrò. Ṣùgbọ́n egungun tí ó bá ti sán kì í ṣe ohun tí a ń gbé ara lé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ẹnu àmúga ẹ̀yìn, èyíinì ni ojú ihò gbọọrọ tí ọ̀pá họ́ọ̀bù ń wọ̀. Bí ojú ihò náà bá nà ní ìbú, láti iwájú sí ẹ̀yìn, bí ó ti sábà rí lára kẹ̀kẹ́ àtijọ́, iṣẹ́ yín yóò rọrùn. Bí ó bá nà ní òòró, láti ìsàlẹ̀ sí òkè, bíi ti ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ òde òní, ẹ wá egungun mìíràn. Ìdí rẹ̀ ni pé wíìlì aláìsinmi kò ní ohun èlò mìíràn tí yóò máa fa ṣéènì le. Wíìlì fúnra rẹ̀ ni a óò fà sẹ́yìn títí ṣéènì yóò fi le tó, ibi tí a bá sì fà á dé ni a óò ti dè é. Níbi tí kò bá sí àyè láti fà á sẹ́yìn, a kò lè mú ṣéènì le.

Ohun kejì ni fífẹ̀. Ẹ fi rúlà wọn àlàfo tí ó wà láàárín apá méjèèjì àmúga náà, láti inú dé inú. Kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sábà máa ń ní bíi 110 sí 115 mílímítà. Kẹ̀kẹ́ eré ìje tí ó ní irin eléyín márùn-ún lẹ́yìn sábà máa ń ní 120; àwọn tí ó tẹ̀lé e ní 126, àwọn mìíràn sì tún tẹ̀lé e tí wọ́n ní 130. Họ́ọ̀bù aláìsinmi tí à ń tà lónìí sábà máa ń fẹ̀ tó 120. Nítorí náà, bí àlàfo yín bá jẹ́ 126, ẹ óò fi wọ́ṣà tí ó nípọn tó mílímítà mẹ́ta sí ọ̀tún, ẹ óò sì fi irú rẹ̀ sí òsì. Bí ó bá jẹ́ 114, ẹ óò ní láti ya apá àmúga náà díẹ̀, mílímítà mẹ́ta ní apá kọ̀ọ̀kan. Irin àtijọ́ a máa gbà bẹ́ẹ̀ bí a bá fi ẹ̀sọ̀ ṣe é, nítorí ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dán an wò lára egungun tí a fi alumíníọ́mù ṣe, nítorí òun kò mọ̀ ju kí ó sán lọ.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé apá kan kò yà ju èkejì lọ? Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fún iṣẹ́ náà. Ẹ so ó mọ́ ẹnu àmúga ní ọ̀tún, ẹ nà án lọ síwájú, ẹ gbé e yí páìpù tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ wọ̀ ká, kí ẹ sì nà án padà wá sí ẹnu àmúga ti òsì. Okùn náà yóò gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì páìpù tí ìjókòó wọ̀ kọjá. Ẹ wọn àlàfo tí ó wà láàárín okùn àti páìpù yìí ní ọ̀tún, kí ẹ sì wọn ti òsì. Bí méjèèjì bá dọ́gba, egungun yín tọ́. Bí wọn kò bá dọ́gba, ẹ̀gbẹ́ tí àlàfo rẹ̀ pọ̀ jù ni apá àmúga ti yà jù.

Ẹ tún ṣọ́ra nípa ọ̀pá họ́ọ̀bù. Ti ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ nípọn tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ ínṣì kan, èyí tí ó jẹ́ mílímítà mẹ́sàn-án àti ààbọ̀. Ti họ́ọ̀bù aláìsinmi òde òní sábà máa ń jẹ́ mílímítà mẹ́wàá. Ìyàtọ̀ náà kò ju ìdajì mílímítà lọ, ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí wíìlì kọ̀ láti wọlé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹnu àmúga ni kí ẹ fi fáìlì ha díẹ̀díẹ̀, ẹ má ṣe ha ọ̀pá. Bí ẹ bá ha ọ̀pá, ẹ óò ba ìlà wíwé ara rẹ̀ jẹ́, èyí tí nọ́ọ̀tì ń gùn. Ẹ má sì ṣe fi nọ́ọ̀tì àtijọ́ sí ọ̀pá titun ní tipátipá, nítorí ìlà wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ó wá kan wíìlì. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi họ́ọ̀bù titun sínú rímù àtijọ́ gbọ́dọ̀ ka ihò kí ó tó náwó. Àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń fi sípóòkù 32 sí wíìlì iwájú, wọ́n a sì fi 40 sí ti ẹ̀yìn, nítorí ẹ̀yìn ni ẹrù ń tẹ̀ jù. Họ́ọ̀bù aláìsinmi sì sábà máa ń ní ihò 32 tàbí 36. Họ́ọ̀bù ihò 36 kò lè bá rímù ihò 40 gbé. Ó sàn kí a ra rímù titun tí ó ní ihò 36, tí títóbi rẹ̀ sì bá ti àtijọ́ dọ́gba. Ẹ má ṣe gbàgbé pé bíréèkì kẹ̀kẹ́ àtijọ́, èyí tí ọ̀pá irin ń fà, inú rímù ni ó ń tẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́. Rímù tí inú rẹ̀ kò bá tẹ́jú fún un yóò sọ bíréèkì náà di aláìwúlò.

Nísinsìnyí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wà. Bí ẹ bá wo họ́ọ̀bù aláìsinmi gidi láti ẹ̀gbẹ́, ẹ óò rí i pé ìlà wíwé ara rẹ̀ pín sí ìpele méjì. Ìpele tí ó tóbi, tí ó wà nínú, ni irin eléyín ń wé mọ́; ọwọ́ ọ̀tún ni a ń yí i sí kí ó tó fún. Ìpele tí ó kéré, tí ó wà lóde, ni òrùka kan ń wé mọ́, èyí tí a óò pè ní òrùka ìdìmú; ọwọ́ òsì ni a ń yí òun sí kí ó tó fún. Kí ni ó dé tí wọ́n fi tako ara wọn? Nígbà tí a bá ń wa kẹ̀kẹ́ síwájú, ṣéènì ń fa irin eléyín sí ọwọ́ ọ̀tún, ó sì ń fún un mọ́ họ́ọ̀bù sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fi ẹsẹ̀ tako pẹ́dà láti dín eré kù, ṣéènì ń fa irin náà sí ọwọ́ òsì, bí ẹni fẹ́ tú u. Bí irin náà bá ti fẹ́ tú, yóò fi ara ti òrùka ìdìmú, yóò sì fẹ́ mú un yí lọ sí ọwọ́ òsì. Ọwọ́ òsì gan-an ni òrùka náà ń yí sí láti fún. Bí irin ti ń gbìyànjú láti tú ni òrùka ń fún sí i, tí ó sì ń dí i lọ́nà. Àwọn àgbà wa ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi ti òsì fà á mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iṣẹ́ àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo gbé kẹ̀kẹ́ bàbá mi jáde, mo tú fíríwíìlì rẹ̀, mo sì wé irin eléyín aláìsinmi mọ́ họ́ọ̀bù àtijọ́ náà. Ó wọ̀ ọ́ régé, nítorí ìlà wíwé kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò. Họ́ọ̀bù náà kò ní ìpele kejì tí òrùka ìdìmú ìbá wé mọ́, ṣùgbọ́n n kò bìkítà. Mo tún tú bíréèkì méjèèjì dànù kí kẹ̀kẹ́ náà lè fúyẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi gùn ún ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, kò sí ohun tí ó ṣe mí. Ní ọjọ́ Sátidé kan, àbúrò mi ọkùnrin tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, mo sì fún un. Ó gùn ún sọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè Mápó ní Ìbàdàn. Nígbà tí eré náà pọ̀ jù, ó fi ẹsẹ̀ tako pẹ́dà gẹ́gẹ́ bí mo ti kọ́ ọ. Irin eléyín tú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yí sẹ́yìn ní òfìfo. Kò sí bíréèkì, kò sì sí ohun tí yóò dá a dúró bí kò ṣe ògiri tí ó wà ní ìsàlẹ̀.

Orí ni ó yọ ọ́. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kán ní ìgúnpá. Ó ti san láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n kò ṣeé nà tán mọ́. Àbúrò mi kò dá mi lẹ́bi rí. Síbẹ̀ nígbàkígbà tí ó bá dọ̀bálẹ̀ kí mi, tí mo sì rí i pé ọwọ́ òsì rẹ̀ kò lè tẹ́ sílẹ̀ bíi ti ọ̀tún, mo máa ń rántí òrùka kékeré tí n kò rà. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe ohun mímì fún adìẹ.

Nítorí náà, họ́ọ̀bù tí ó ní ìpele méjì nìkan ni kí ẹ lò. Ẹ nu ìlà wíwé rẹ̀ mọ́, ẹ fi gírísì díẹ̀ pa á, ẹ fi ọwọ́ wé irin eléyín mọ́ ọn títí yóò fi dúró, kí ẹ tó wá fi irin iṣẹ́ fún un le. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wé òrùka ìdìmú, kí ẹ sì fún òun náà le. Ẹ gun kẹ̀kẹ́ náà ní ibi tí ó ga díẹ̀, kí agbára ẹsẹ̀ yín lè fún irin eléyín sí i; nígbà tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀, ẹ óò rí i pé òrùka ìdìmú tún gba fífún díẹ̀. Ẹ fún un, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò láti ìgbà dé ìgbà.

Ṣéènì gbọ́dọ̀ tọ́ láti irin eléyín iwájú dé ti ẹ̀yìn. Ẹ dúró sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ kí ẹ fi ojú kan wò ó; bí ó bá wọ́, ẹ fi wọ́ṣà tún un ṣe. Ẹ fà wíìlì sẹ́yìn títí ṣéènì yóò fi le, ṣùgbọ́n kí a ṣì lè fi ìka gbé àárín rẹ̀ sókè tó bíi ìdajì ínṣì. Ẹ yí pẹ́dà ká lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó gbà pé ó dára, nítorí ṣéènì a máa le níbì kan ju ibòmíràn lọ. Ibi tí ó ti le jù ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n. Ṣéènì tí ó bá dẹ̀ jù lè já bọ́ kúrò lórí eyín, kí ó sì há wíìlì mọ́lẹ̀ lójijì.

Ó ku iye eyín, ìṣirò sì ni èyí. Bí irin eléyín iwájú bá ní eyín 46, tí ti ẹ̀yìn sì ní 18, nígbà tí pẹ́dà bá yí lẹ́ẹ̀kan, wíìlì yóò yí lẹ́ẹ̀méjì àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Wíìlì kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tí à ń pè ní 28 a máa rin bíi mítà 2.2 nígbà tí ó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà pẹ́dà kan yóò gbé wa lọ ní bíi mítà 5.6. Ẹni tí ó bá ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú eré 40 kìlómítà ní wákàtí kan yóò máa yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìgbà 119 láàárín ìṣẹ́jú kan! Eyín tí ó pọ̀ lẹ́yìn a máa mú kí gígun òkè rọrùn, ṣùgbọ́n a máa mú kí ẹsẹ̀ sáré jù nígbà tí a bá ń sọ̀kalẹ̀. Kí kálukú wo bí ilẹ̀ ìlú rẹ̀ ti rí kí ó tó yàn.

Ẹ má ṣe yọ bíréèkì. Òfin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1983 gbà kí wíìlì aláìsinmi dúró fún bíréèkì ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó pa á láṣẹ pé bíréèkì iwájú gbọ́dọ̀ wà lára kẹ̀kẹ́ tí a óò gùn ní títì. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Nígbà tí a bá ń dúró, ara ẹni a máa tẹ̀ síwájú, wíìlì ẹ̀yìn a sì fúyẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá tilẹ̀ há a mọ́lẹ̀, ńṣe ni yóò máa yọ̀. Wíìlì iwájú ni agbára ìdúró wà. Àwọn tí ń sá eré ìje ní pápá róbótó a máa gun kẹ̀kẹ́ tí kò ní bíréèkì, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ nínú pápá, bẹ́ẹ̀ ni ewúrẹ́ kì í sáré kọjá níwájú wọn.

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ yìí, kí ó gùn ún ní pápá ilé-ẹ̀kọ́ tí ó tẹ́jú. Kí ó má ṣe gbìyànjú láti dá ẹsẹ̀ dúró lójijì, nítorí pẹ́dà yóò gbé e kúrò lórí ìjókòó. Kí ó má ṣe dẹ̀gbẹ́ jù ní ìkọrọ̀ ọ̀nà, nítorí pẹ́dà tí kò lè dúró lè gbá ilẹ̀. Kí ó sì ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè: ṣéènì tí ó bá gbá etí ṣòkòtò mú kò ní dúró de ẹnikẹ́ni kí ó tú u.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, kẹ̀kẹ́ tí bàbá àgbà gbé tì yóò tún jáde síta. Ẹ óò rí i pé ó ń dáhùn sí ẹsẹ̀ yín, pé gbogbo ohun tí ẹ bá ṣe ni ó ń mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gùn ún, tàbí kí ẹ tó yá àbúrò yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan òrùka ìdìmú náà bóyá ó ṣì fún.